Bí Mo Ṣe Kọ́lé fún Òjòlá Nílùú Òtútù

Òjòlá ni mo ń sìn nílé wa ní Manchester, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa kì í bi mí nípa ooru ilé rẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé ìwọ náà ti di òyìnbó ni?" Màmá mi ní Ìbàdàn gba ọ̀nà mìíràn yọ ní tiwọn: wọ́n rọra bi ìyàwó mi lórí fóònù bóyá kì í ṣe pé ayé ti fọwọ́ kàn mí. Àna mi ọkùnrin tó wá kí wa ní Manchester kò jókòó ní pálọ̀ títí ó fi lọ. Ó ní kíṣìn wa tura ju pálọ̀ lọ. Mo ti gbà pé kò sí àlàyé tó lè mú ìyẹn kúrò. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa tó wà níbí, àwọn tó ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti béèrè bí èèyàn ṣe ń sin ejò ń pọ̀ sí i. Oúnjẹ ni wọ́n máa ń béèrè, àti bóyá kì í bunijẹ. Èmi a sì sọ fún wọn pé oúnjẹ rọrùn, ìyẹn bíbunijẹ kò tó ohun tí à ń pariwo. Ilé ni iṣẹ́ wà. Ilé àti ooru inú rẹ̀.

Abo ni òjòlá mi, Àjíkẹ́ ni mo sọ ọ́. Irú rẹ̀ ni àwọn ará Britain ń pè ní royal python, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní ball python nítorí pé bí ẹ̀rù bá bà á, á ká ara jọ róbótó, á fi orí pamọ́ sáàárín. Kò ní oró. Kì í sì í tóbi tó òjòlá ńlá tí àwọn ọdẹ wa máa ń ròyìn. Abo tó dàgbà kì í sábà ju mítà kan àbọ̀ lọ, akọ sì kéré sí i. Ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún ló ti wá. Láti Senegal títí dé Uganda ni wọ́n ti ń rí irú rẹ̀, Ghana, Togo àti Benin sì ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ sí òkè òkun, lábẹ́ àdéhùn CITES tó ń ṣọ́ òwò ẹranko igbó láàárín orílẹ̀-èdè. Ní Ouidah, ilé òrìṣà kan wà tí òjòlá báyìí kún inú rẹ̀, ó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Àgùdà. Ẹnikẹ́ni kì í pa wọ́n níbẹ̀; bí ọ̀kan bá rìn wọlé onílé lóru, ṣe ni wọ́n ń rọra gbé e padà. Mo máa ń rán àwọn tó ní òyìnbó nìkan ló ń bá ejò gbé létí ìyẹn.

Ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe nǹkan bàbàrà lára rẹ̀. Ní 2020, ọ̀kan ní ọgbà ẹranko Saint Louis ní Amẹ́ríkà yé ẹyin, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ní ọjọ́ orí rẹ̀ kò dín ní 62. Nítorí náà ẹni tó bá ń kọ́lé fún un, kí ó má kọ́ ọ bí ẹni pa àgọ́.

Ibi tó ti wá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, torí láti ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo ṣe ti ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí èèyàn ń rí gbà níbí kò ju pé: Áfíríkà ló ti wá, ẹ mú un gbóná dáadáa. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì rìn nínú oko lọ́sàn-án rí. Èmi lo ìsinmi ọmọdé mi lóko bàbá àgbà, mo sì mọ̀ pé ní aago kan ọ̀sán, nígbà tí ilẹ̀ ń jó èèyàn lẹ́sẹ̀, kò sí ejò kankan tó ń na ara sínú oòrùn. Inú ihò eku ni irú òjòlá yìí máa ń wà ní ojú ọjọ́, tàbí inú ọ̀gán tí ikán ti fi sílẹ̀. Bí ẹ bá ti bá wọn gbẹ́ ihò òkété rí, ẹ ó ti mọ̀ bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe máa ń rí: ó ṣókùnkùn, ó rin, ó sì tutù ju orí ilẹ̀ lọ. Alẹ́ ni òjòlá ń jáde, nígbà tí ilẹ̀ ṣì mú ooru ọ̀sán lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí oòrùn ti lọ.

Ejò kì í dá ooru sílẹ̀ nínú ara rẹ̀ bíi tiwa. Ó ń rìn lọ bá a ni. Bí oúnjẹ bá wà níkùn rẹ̀, á lọ síbi tó gbóná kí ó lè dà. Bí ara rẹ̀ bá ti gbóná tó, á kúrò. Ohun tí mo wá ń kọ́, kì í ṣe àpótí gbígbóná. Àpótí tí ejò lè rìn nínú rẹ̀ láti ooru sí ìtura, tí yóò sì rí òkùnkùn sá pamọ́ sí níbi tó bá dé, ni. Mo fẹ́ ibì kan tó wà ní 31°C tàbí 32°C ní òpin kan, 25°C ní òpin kejì, kí òru má sì mú ibikíbi nínú rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju bíi 22°C lọ.

Ẹ wo ilé tí ó bá wá ná. Ọkùnrin tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ń kó lọ sí fúláàtì tí láńlọ́ọ̀dù ti ní òun kò fẹ́ ẹranko. Inú àpótí gíláàsì ló gbé e wá, nẹ́ẹ̀tì irin ni ìdérí rẹ̀, gílóòbù pupa kan ń tàn lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Kò sí ohun tó ń ṣọ́ gílóòbù náà. Ẹ̀rọ ìwọn-ooru olójú aago tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì lókè ń sọ pé 30 ni, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Mo yọ ìbọn ìwọn-ooru jáde, irú èyí tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà Kòrónà, mo nà án sí ilẹ̀ àpótí. Abẹ́ gílóòbù jẹ́ 48°C, òpin kejì 19°C. Kò sí àárín. Awọ tí ejò náà yẹ kí ó ti bọ́ lẹ̀ mọ́ ọn lára ní wẹ́wẹ́, ó bo ojú rẹ̀ kan, àpá iná tó ti jinná sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn ejò rẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Odindi ni wọ́n dì í tà fún un, wọ́n ní gbogbo ohun tí ejò nílò ló wà níbẹ̀.

Ohun tí gíláàsì olórí nẹ́ẹ̀tì ń ṣe rọrùn láti lóye. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gòkè, ó ń bá ojú nẹ́ẹ̀tì jáde, ó sì ń gbé ọ̀rinrin lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹni tó ni ín á wá gbé gílóòbù tó lágbára sí i lé e, ìyẹn á tún lé ọ̀rinrin tó kù jáde. Àwọn kan ń fi táwẹ́ẹ̀lì bo orí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù tó ń jó! Nílé tó tutù bíi ti wa, pákó ló dára jù. Mo ra pákó tí wọ́n fi ike funfun bò lójú, mo gé e sí sẹ̀ǹtímítà 120 ní gígùn, 60 ní ìbú, 60 ní gíga. Ejò tó gùn tó mítà kan àti díẹ̀ gbọ́dọ̀ lè na ara rẹ̀ tán. Wọ́n á sọ fún yín pé òjòlá kì í jẹun bí ilé rẹ̀ bá tóbi. Kì í ṣe ìtóbi ló ń lé oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, òfìfo ni. Ẹ kó ẹ̀ka igi, ewé gbígbẹ àti èèpo igi síbẹ̀ títí ẹ kò fi ní fi bẹ́ẹ̀ rí ilẹ̀ mọ́, ẹ ó rí i pé kò ní bẹ̀rù ilé ńlá. Àwọn tó ṣèwádìí nípa wọn ní gúúsù Nàìjíríà rí i pé àwọn akọ àtàwọn kéékèèké máa ń jẹ ẹyẹ dáadáa, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n ń gun igi. Torí náà ẹ̀ka igi kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Àjíkẹ́ ń gun tirẹ̀ lóru, bí ó tilẹ̀ ti sanra.

Ojú ibi tí pákó ti pàdé pákó ni omi máa ń gbà wọlé tí pákó yóò fi wú. Mo fi sílíkóònù tí wọ́n fi ń lẹ àpótí ẹja dí gbogbo rẹ̀, mo sì ṣí i sílẹ̀ títí òórùn kíkan rẹ̀ fi lọ pátápátá. Ihò afẹ́fẹ́ méjì ló wà lẹ́yìn: ọ̀kan nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó tutù, ọ̀kan lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó gbóná, kí afẹ́fẹ́ lè máa rìn gba àárín àpótí. Iwájú ni gíláàsì méjì tó ń yí gba ojú ọ̀nà wọn, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Kọ́kọ́rọ́ yẹn kì í ṣe àṣejù. Ejò kì í ti ilẹ̀kùn, ó máa ń fi imú wá àlàfo ni, ibi tí orí rẹ̀ bá sì ti gbà, gbogbo ara ti gbà á. Bí ó bá bọ́ sínú ilé ní oṣù kìíní, yóò lọ há sí ẹ̀yìn fírísà tàbí abẹ́ ilẹ̀ pákó, ìyàwó mi yóò sì lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ara ògiri àárín ilé ni mo gbé àpótí náà tì, lórí tábìlì tó lágbára. N kò gbé e sún mọ́ fèrèsé, oòrùn ìrúwé lè gba inú gíláàsì wọlé kí ó sọ ọ́ di ààrò láàárín wákàtí kan. N kò sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ hítà ilé, nítorí pé hítà ilé ní àkókò tirẹ̀, kò mọ àkókò ejò.

Ó wá kan iná. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ohun tí ẹni tó ń sin ejò ń ṣe lójoojúmọ́ gan-an nìyẹn, àfi kí ó wá ẹni tí yóò máa bá a ṣọ́ iná náà. Thermostat ni olùṣọ́ yẹn: ó ní wáyà kan tó ń fọwọ́ kan ooru, bí ooru bá ti tó iye tí èèyàn yàn, yóò dín iná kù tàbí kí ó pa á. Bí owó ẹnì kan kò bá tó ra gílóòbù àti thermostat lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó dúró di oṣù tó ń bọ̀ kí ó tó gba ejò.

Oríṣi wọn pọ̀, wọn kì í sì í ṣe ohun kan náà. Èyí tó kàn ń tan iná tó sì ń pa á ló bá pẹrẹsẹ tó ń gbóná mu, ìyẹn èyí tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ àpótí. Èyí tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ ló bá gílóòbù halogen mu; bí ẹ bá fi irú ti àkọ́kọ́ sí i, gílóòbù á máa ṣẹ́jú tọ̀sán-tòru, kò sì ní pẹ́ jó. Èyí tó ń fi iná ránṣẹ́ ní ìdákúrekú ló bá gílóòbù seramíìkì mu, ìyẹn gílóòbù aláwọ̀ funfun tí kì í tàn, tó jẹ́ ooru nìkan ló ń mú wá. Lọ́sàn-án mo ń lo halogen, kí ooru wá láti òkè pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ bí ó ṣe ń wá lójú ọ̀run. Lálẹ́, seramíìkì ni, nítorí òru gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn. Gílóòbù pupa tí wọ́n ní ejò kì í rí, mo jù ú nù ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ojú seramíìkì lè gbóná kọjá 200°C. Ìdìmú tí wọ́n ń fi gílóòbù sí gbọ́dọ̀ jẹ́ seramíìkì pẹ̀lú, ike yóò yọ́. Àgò irin sì gbọ́dọ̀ yí gílóòbù ká kí ara ejò má bàa kàn án. Èèyàn lè rò pé ejò tí iná bá ń jó yóò sá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè wé mọ́ gílóòbù kí ó dúró síbẹ̀ títí awọ rẹ̀ yóò fi jó, bí ẹni pé kò mọ ibi tí ìrora ti ń wá. Mo gbà pé ibẹ̀ ni àpá ẹ̀yìn Àjíkẹ́ ti wá. Ìdí kan náà ni n kò ṣe ń fọwọ́ sí òkúta oníná tí wọ́n ń tà pé kí ejò máa sùn lé. Pẹrẹsẹ abẹ́ àpótí kò burú bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń mú gbóná, kò mú afẹ́fẹ́ gbóná, bí erùpẹ̀ orí rẹ̀ bá sì nípọn, ooru á ká sábẹ́ láìjẹ́ pé ó dé ara ejò.

Nípa wáyà thermostat, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi níbí. Ibi tí ẹ bá fi í sí ni thermostat mọ̀ sí gbogbo ayé. Bí ejò bá fi ara tì í kúrò lábẹ́ ooru, thermostat á rò pé òtútù mú, á tan iná tán. Bí ó bá já sínú abọ́ omi, bẹ́ẹ̀ náà ni, èyí ló sì burú jù, torí omi kì í tètè gbóná, iná kò sì ní dẹwọ́. Mo fi ìdè ike àti skúrù kàn án mọ́ ara pákó ní ibi gíga tí ẹ̀yìn ejò máa ń dé bí ó bá ká sábẹ́ gílóòbù. N kò lo téèpù. Téèpù kò gbọ́dọ̀ wọ inú ilé ejò rárá. Ooru á mú kí ó tú, yóò lẹ̀ mọ́ ejò lára, ẹni tó bá sì fẹ́ yọ ọ́ lè bó o láwọ.

Kí Àjíkẹ́ tó wọlé, mo tan ilé náà sílẹ̀ ní òfìfo fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Mo fi ẹ̀rọ ìwọn-ooru oní-nọ́ńbà sí òpin méjèèjì, irú èyí tó ń rántí ìwọ̀n tó ga jù àti èyí tó kéré jù láàárín òru. Lálẹ́ mo pa hítà ilé, mo ṣí fèrèsé díẹ̀, mo ń wò ó bóyá yóò dúró. Ọjọ́ kejì ni mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ tútù ń bọ́ sí 20°C ní ìdájí. Kì í ṣe gílóòbù ni kò lágbára, ògiri ẹ̀yìn àpótí ni ooru ń gbà lọ. Mo fi pákó tó ń dí òtútù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ níta, ó sì dúró. Ẹni tó bá ti gbé ejò sínú ilé kí ó tó dán an wò, ara ejò ni yóò fi dán an.

Ooru ti tó, ọ̀rinrin kù. Ilé ní Britain nígbà òtútù, pẹ̀lú hítà tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ọyẹ́ gan-an ni: ètè á bó, awọ á funfun, ìpara kì í tó. Òjòlá tó jẹ́ ẹni inú ihò nílò ọ̀rinrin bíi 55 sí 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan ń fi omi wọ́n inú àpótí láàárọ̀ àti lálẹ́. Ojú ilẹ̀ á rin, kò ní ju wákàtí méjì lọ, ohun gbogbo á tún gbẹ. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni kí ilẹ̀ nípọn. Mo po èèpo àgbọn lílọ̀ mọ́ erùpẹ̀ tí wọn kò fi ajílẹ̀ sí, mo tẹ́ ẹ ní bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, omi tí mo bá ń fi sí i, igun àpótí ni mo ń dà á sí, kí ó wọ ìsàlẹ̀ lọ. Orí rẹ̀ gbẹ, abẹ́ rẹ̀ rin, ọ̀rinrin sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Orí gbígbẹ yẹn ṣe pàtàkì, torí bí ikùn ejò bá wà lórí ohun tútù rírin ní gbogbo ìgbà, yóò yọ roro, ìpẹ́ rẹ̀ á máa jẹrà. Bí ẹ bá sì dí ihò afẹ́fẹ́ nítorí àtimú kí ó rin, ẹ ó gbọ́ tí ejò ń mí pẹ̀lú ariwo, itọ́ á máa ho lẹ́nu rẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko sì lọ̀rọ̀ kàn nìyẹn. Igi kédárì gígé wẹ́wẹ́ kò dára fún un pẹ̀lú, òórùn rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Bí ojú Àjíkẹ́ bá ti di funfun bíi pé ó fọ́, mo mọ̀ pé ó fẹ́ bọ́ awọ. N kì í fọwọ́ kàn án nígbà yẹn, kò ríran dáadáa, inú rẹ̀ kì í sì í dùn. Àpótí kékeré kan tí mo kó ewéko rírin sí ni mo ń gbé sí àárín, á wọ ibẹ̀ lọ dúró. Ìgbà tó kọ́kọ́ bọ́ awọ ní odindi, láti ètè títí dé ìrù, pẹ̀lú ìbòjú méjèèjì, inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Màmá lórí WhatsApp. Wọ́n fèsì kíá: "Orí rẹ á dára o, ọmọ mi. Má fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi mọ́."

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ ibùba. Ọkùnrin tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi ìlàjì igi ńlá kan sí òpin tútù, ó ṣí sílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Àjíkẹ́ kì í kúrò níbẹ̀. Ooru wà lókèèrè, ara rẹ̀ sì tutù, kò lọ. Bí ejò bá ní láti yan láàárín ìgbóná àti ìfarapamọ́, ìfarapamọ́ ni yóò yàn, ní gbogbo ìgbà. Gbogbo ẹ̀rọ ìwọn-ooru inú ilé lè máa sọ òótọ́ kí òtútù sì máa pa ejò. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ibùba méjì tó bára mu délẹ̀, ọ̀kan ní apá ooru, ọ̀kan ní apá ìtura, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, ó sì há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń kan àjà àti ògiri nínú. Ojú wa ló máa ń rò pé ó há jù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí i tó ń kó láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì bí ó ṣe yẹ: ó jẹun tán, ó lọ sí apá ooru, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó padà.

Lórí oúnjẹ, díẹ̀ ni mo ní sọ. Eku tó ti kú, tó wà nínú fírísà, ni mo ń yọ fún un, mo ń fi omi gbígbóná mú un lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ihò ètè rẹ̀ tó fi ń mọ ooru lè gbọ́ ọ. Lẹ́yìn tí ó bá gbé e mì, n kì í fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì ó kéré tán. Bí ilé bá tutù, eku á jẹrà nínú rẹ̀ kí ó tó dà, yóò sì pọ̀ ọ́. Nígbà òtútù ó lè gbààwẹ̀ fún oṣù díẹ̀ kódà bí ooru bá pé. Ìwọ̀n ni mo ń gbé e lé. Bí kò bá rù, mo fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ààwẹ̀ rẹ̀.

Owó iná kò pọ̀ tó bí àwọn èèyàn ṣe ń bẹ̀rù. Ní oṣù kẹwàá 2022, nígbà tí iná wọ́n gógó tí yúníìtì kan di bíi 34 pẹ́ńsì, mo jókòó ṣírò rẹ̀. Gílóòbù 100 wáàtì tí thermostat ń ṣọ́, bí ó bá tàn fún ìdajì ọjọ́, yúníìtì kan lé díẹ̀ ni yóò jẹ, bíi 40 pẹ́ńsì lóòjọ́. Nílé tó gbóná, kò tó bẹ́ẹ̀. A dín hítà tiwa kù lọ́dún yẹn, a wọ súwẹ́tà nínú ilé. Ìyàwó mi ní nínú gbogbo wa, Àjíkẹ́ nìkan ni kò mọ̀ pé nǹkan wọ́n.

Àìsíná ń dé síbí náà. Nígbà tí ìjì Arwen jà ní ìparí oṣù kọkànlá 2021, ọ̀pọ̀ ilé ní àríwá England wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Tiwa kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èmi tí NEPA tọ́ dàgbà kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ mi: mo da omi gbígbóná sínú ike, mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùba, n kò gbé e lé ejò. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àpótí lóde lẹ́yìn tí mo yọ púlọ́ọ̀gì gbogbo gílóòbù, nítorí pé bí iná bá dé lójijì nígbà tí bùláńkẹ́ẹ̀tì wà lórí rẹ̀, ilé á jó. Pákó mú ooru dúró ju bí mo ṣe rò lọ.

Òtútù ni gbogbo èèyàn ń múra sílẹ̀ fún, ṣùgbọ́n ní 19 oṣù keje 2022, ìgbóná ojú ọjọ́ ní Coningsby ní Lincolnshire dé 40.3°C, èyí tí England kò rí rí. Thermostat lè pa iná, kò lè mú ilé tutù. Nílé wa, gbogbo gílóòbù ti kú láti òwúrọ̀, ẹ̀gbẹ́ tútù sì ń gòkè lọ sí 31°C, kò sí ibi tí ejò lè sá sí mọ́. Òjòlá lè fara da òtútù díẹ̀ fún òru kan. Ìgbóná tó kọjá 35°C fún wákàtí mélòó kan lè pa á. Mo fa aṣọ fèrèsé, mo gbé omi dídì sínú ìgò sórí àpótí níta, lókè ẹ̀gbẹ́ tútù, mo sì pààrọ̀ omi rẹ̀ sí abọ́ ńlá tí ó lè wọ̀. Ó wọ̀ ọ́, ó lò ó di alẹ́.

Òfin wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Ní England àti Wales, òfin ìtọ́jú ẹranko ti 2006 sọ pé ẹni tó bá ní ẹranko gbọ́dọ̀ pèsè ibùgbé tó bá a mu, ejò náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń gba ilé lọ́wọ́ onílé, kí ó gba àṣẹ nínú ìwé kí ó tó gbé ejò wọlé.

Bí a bá ń lọ sílé fún Kérésìmesì, aládùúgbò wa kan, ìyá àgbà ará Jàmáíkà tí kì í bẹ̀rù ohunkóhun, ló ń bá wa wò ó. N kì í ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ; Àjíkẹ́ lè dúró títí a ó fi dé. Iṣẹ́ mẹ́ta ni mo kọ sílẹ̀ mọ́ ara àpótí fún wọn: kí wọ́n pààrọ̀ omi, kí wọ́n wo nọ́ńbà méjèèjì, kí wọ́n pè mí bí èyí tó wà lápá ọ̀tún, ìyẹn apá ooru, bá bọ́ sábẹ́ 28 lọ́sàn-án. Gílóòbù mìíràn wà nínú dúrọ́ọ̀ tó wà nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn sì gbọ́dọ̀ wà ní títì pa.